Ààlọ́ kẹ́ẹ̀gì: bí a ṣe ń mọ ìdajì láìní òṣùwọ̀n

Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Ìyàwó ilé kan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ dín ẹja fún ìnáwó, òróró ò sì sí nílé. Ó tọ ìyálé rẹ̀ lọ. Ìyálé gbé odindi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 fún un, ó ní, "Ìyàwó mi, lo ìdajì, kí o gbé ìdajì padà fún mi." Ìnáwó parí, kẹ́ẹ̀gì padà délé. Ìyálé wò ó títí, ó ní, "Èyí ò tó ìdajì." Ìyàwó kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, ìyálé mi. Ó tó o, ó tiẹ̀ lé díẹ̀." Kò sí òṣùwọ̀n nílé. Kò sí kẹ́ẹ̀gì mìíràn tí wọ́n lè dà á sí. Ìyálé ò sì fẹ́ kí ẹ̀kán òróró kan kúrò níbẹ̀. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ ẹni tó jàre?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ ààlọ́ yìí máa ń sáré mú rúlà: ẹ wọn gíga kẹ́ẹ̀gì, ẹ pín in sí méjì, ẹ fa ìlà sí àárín. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò jóòótọ́. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì dáadáa. Láti ìdí dé èjìká, ara rẹ̀ lọ gbọọrọ. Láti èjìká sókè ló ti ń fún: ọwọ́ tí a fi ń gbé e wà níbẹ̀, ọrùn wà níbẹ̀, àyè tó wà láàárín wọn kì í ṣe ti inú kẹ́ẹ̀gì mọ́. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ àárín gíga gbà ju òkè rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dá òróró padà dé àárín gíga ti dá ju ìdajì padà. Ìyálé á jèrè, ìyàwó á pàdánù, àwọn méjèèjì á sì máa rò pé àwọn pín in bó ṣe yẹ.

Ìdáhùn ààlọ́ náà rèé: kí wọ́n fa ìlà síbi tí òróró dé, kí wọ́n dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Tí òróró bá tún dúró sórí ìlà yẹn gan-an, ìdajì ni. Tí ó bá dúró síbòmíràn, kì í ṣe ìdajì.

Kí ló fà á? Ohun méjì ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà, òróró nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ lókè. Tí òróró bá gba ìdajì, afẹ́fẹ́ náà gba ìdajì. Ìgbà tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, òróró á lọ sí ilé afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á kó wá sí ilé òróró. Bí ilé méjèèjì bá gba iye kan náà, wọ́n á pààrọ̀ láìjẹ́ pé ààlà yẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ọgbọ́n yìí ni pé kò bìkítà nípa bí nǹkan náà ṣe rí. Ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì, ìbáà wọ́, ìbáà ní èjìká mẹ́ta: bí ẹ bá ti lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ìta, tó ní ìdérí tí kò jò, tí ara rẹ̀ ò sì rọ̀ débi tí á máa fẹ̀ tí á máa sún kì, ó ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dagun á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé wa kì í sì í sábà tẹ́jú tó bí a ṣe rò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí òróró fara balẹ̀ kí ìfóòfò rẹ̀ parẹ́. Ẹ wá fa ìlà kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí òróró dé. Ẹ fi okùn tàbí rúlà wọn ìlà kọ̀ọ̀kan láti ìdí kẹ́ẹ̀gì sókè. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ilẹ̀ tẹ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ ká páálí sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀, kí ẹ nu àwọn ìlà náà nù, kí ẹ tún wọn fà.

Máákà kì í mú ara kẹ́ẹ̀gì tí òróró ti kàn. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ibi tí ẹ fẹ́ fa ìlà sí, kí ẹ nù ún gbẹ. Sẹ́lótéèpù dára ju máákà lọ: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí etí òkè rẹ̀ bá ojú òróró dọ́gba.

Ìdérí ló kàn. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì tó ti pẹ́ kì í dé dáadáa mọ́. Ẹ ṣẹ́ ọ̀rá sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi lé ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Ẹ kọ́kọ́ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí abọ́ fífẹ̀ kan, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń jò. Èyí tó bá ń jò, ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀ o. Òróró ìyálé ni.

Dídojú rẹ̀ délẹ̀ gba èèyàn méjì, nítorí kẹ́ẹ̀gì ò lè dá dúró lórí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù méjì ni kí ẹ gbé sílẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn. Ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì dé sórí wọn, kí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àyè yẹn, kí èjìká rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Kí ẹnìkan dì í mú. Ẹ gbọn ọ́n díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì lè jáde. Ẹ wá ní sùúrù: òróró tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lókè ṣì ń ṣàn bọ̀, ẹni tó bá kánjú fa ìlà á fà á síbi tó rẹlẹ̀ jù.

Tí òróró bá ti fara balẹ̀, ẹ fa ìlà kejì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣòro kí kẹ́ẹ̀gì tó dojú dé tó gún régé, igun kan lè ga ju èkejì lọ. Kò burú. Ẹ mú igun méjì tó kọjú síra, kí ẹ wá àárín ìlà wọn. Àárín yẹn ni ìlà kejì tòótọ́.

Kíka ìlà méjèèjì

Ẹ dá kẹ́ẹ̀gì dúró padà kí ẹ tó kà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ á dà yín láàmú. Bí ìlà kejì bá bọ́ sórí ìlà kìíní, ìdajì ni, ìjà parí. Bí ìlà kejì bá wà lókè ìlà kìíní, òróró ò tó ìdajì, ìyálé ló jàre. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ìlà kìíní, òróró lé ní ìdajì, kí ìyàwó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Mélòó ló fi dín, tàbí mélòó ló fi lé? Ibí yìí ni èrè ọ̀rọ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà méjèèjì bá ti wà níbi tí ara kẹ́ẹ̀gì ti lọ gbọọrọ, ìdajì tòótọ́ wà ní agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́. Ẹ fa ìlà kẹta síbẹ̀, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná há a sára kẹ́ẹ̀gì kó má parẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kẹ́ẹ̀gì yẹn ti ní àmì ìdajì, kò sídìí láti dojú rẹ̀ délẹ̀ mọ́.

Fún iye lítà, ẹ wọn gígùn àti ìbú ìdí kẹ́ẹ̀gì ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in. Ká ní ẹ rí 28 àti 24: 28 lọ́nà 24 jẹ́ 672, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan ní gíga jẹ́ nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta lítà, tàbí kó dín díẹ̀ nítorí igun kẹ́ẹ̀gì kì í mú ṣáṣá. Bí ìlà kìíní àti ìkejì bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà síra, àlàfo láti ìlà kìíní dé ìdajì jẹ́ 2. Nígbà náà, lítà kan àti díẹ̀ ló sọnù. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìyálé àti ìyàwó ń torí ẹ̀ bára wọn ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n ó dára kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó máa dájọ́ gbọ́dọ̀ béèrè: nígbà tí ìyálé gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ibo ni òróró dé nínú rẹ̀? Ìdajì tí à ń wá yìí, ìdajì gbogbo àyè inú kẹ́ẹ̀gì ni, títí kan ọrùn. Òróró tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà dé ẹnu. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọrùn ló dúró sí, ìdajì òróró tí ìyálé yá a rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìdajì kẹ́ẹ̀gì, ìyàwó sì lè jàre lẹ́yìn ohun gbogbo. Ẹ sì mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ lítà 25 sí lè má jẹ́ 25. Àwọn kan máa ń da omi gbígbóná sí i kó lè wú, tí wọ́n bá fẹ́ fi ra epo lóko. Òmíràn sì ti tẹ̀ wọnú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kíka nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì lọ: kẹ́ẹ̀gì tó wà níwájú yín ló ń wọn ara rẹ̀.

Epo pupa yàtọ̀. Ó máa ń kun ara kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ bá ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí epo dé àti ibi tó kàn ti pọ́n. Lásìkò ọyẹ́, ó tún ń dì. Fún kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ẹ fi omi ṣe gbogbo èyí kí epo tó wọ inú rẹ̀. Ẹ há ìlà ìdajì sí i, ẹ da omi nù, ẹ sá kẹ́ẹ̀gì sóòrùn títí tó fi gbẹ dé ọrùn. Omi tó bá kù nínú epo á máa ta èèyàn nídìí iná, epo náà ò sì ní pẹ́ kó tó yí dà.

Garawa: fífẹ̀gbẹ́ dípò dídojú dé

Kò ṣeé ṣe láti dojú ohun tí kò ní ìdérí délẹ̀. Garawa àti ìkòkò ní ọgbọ́n tiwọn, bí ara wọn bá ti gún láti ìdí dé ẹnu.

Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi dé etí ẹnu, bí ẹni fẹ́ dà á jáde. Ẹ wo inú rẹ̀. Bí omi ṣe kan etí ẹnu lápá kan, tí ó sì kan ibi tí ìdí àti ara ti pàdé lápá kejì, ìdajì gẹ́lẹ́ ni. Bí ìdí bá ti hàn kí omi tó dé etí ẹnu, kò tó ìdajì. Bí omi bá ti dé etí tó ṣì bo ìdí dáadáa, ó lé. Ojú omi ti gé inú nǹkan náà sí ọ̀nà méjì tó jọra: bí ẹ bá yí apá tó ṣófo padà, á ṣe wẹ́kú pẹ̀lú apá tí omi wà.

Garawa onígun mẹ́rin àtijọ́, agolo kárósíìnì tí wọ́n gé orí rẹ̀, gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bíi lítà 18. Ẹ bu omi kún un, ẹ dà á láti ẹ̀gbẹ́ kan títí etí ìdí fi hàn: lítà 9 ló kù. Kò tán síbẹ̀. Ẹ wá máa dà á láti igun ẹnu kan ṣoṣo. Omi á máa lọ, ìdí garawa á máa hàn láti igun tó jìnnà jù. Ìgbà tí omi bá bo ìdajì ìdí náà péré, tí ojú omi fa ìlà láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ẹ dá a dúró. Ohun tó kù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà: lítà 3. Ìdí ni pé ìdajì garawa tí a kọ́kọ́ rí ṣeé gé sí ohun olórí ṣóńṣó mẹ́ta tó gba iye kan náà, ọ̀kan nínú wọn ló kù sí igun yẹn. Pẹ̀lú 3, 9 àti 18, garawa kan ṣoṣo á wọn 6, 12 àti 15 fún yín bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ń dà á sí. Àwọn ará Japan ní àpótí onígi onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì láyé àtijọ́, masu ni wọ́n ń pè é, irú àdììtú yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń fi í pa.

Ìkòkò róbótó tí ara rẹ̀ gún ò gbọ́ ti ìdá mẹ́fà. Bí omi bá bo ìdajì ìdí rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún, bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkòkò tó gba lítà 12, bíi lítà méjì àti ààbọ̀ ló máa kù. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì ará ìlú Syracuse, tó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, ló ṣírò rẹ̀ délẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 náà gún, ṣùgbọ́n ìdajì omi inú rẹ̀ wúwo tó kílò 100. Ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Fún dúrọ́ọ̀mù tó dúró, àárín gíga ni ìdajì lóòótọ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń purọ́

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tan èèyàn jù. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ojú wa kì í sì í ka ìyẹn sí. Kí ẹ tó pín ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ fi okùn yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ẹ wá fi okùn kan náà yí ìdí rẹ̀ ká. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ nípa garawa.

Ká mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 20, tó ga tó 30. Bí ó bá kún, ó gba bíi lítà 14.9. Ẹ bu omi sí i dé àárín gíga, sẹ̀ǹtímítà 15: lítà 6 péré. Ìyẹn jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ra "ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì" tí wọ́n wọn fún un lójú báyìí, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó sanwó fún kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ìdajì tòótọ́ wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 18 láti ìdí.

Fífẹ̀gbẹ́ tún burú jù. Ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí etí ìdí fi hàn, ohun tó kù nínú rẹ̀ á jẹ́ bíi lítà 5.3, 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n dà á fún ti gba 65. Rọ́bà pẹ́ńtì tí wọ́n fi ń wọn gaàrí ò fẹ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀tàn tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹ má fi ìṣirò da ara yín láàmú lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ike omi lítà kan àti ààbọ̀, ẹ fi ìlà sí ọrùn rẹ̀ kó lè máa dé ojú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ máa bu omi pẹ̀lú rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ike kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá náà níbi tí omi dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì òkè yìí á gba ike mẹ́wàá, ìlà karùn-ún ni ìdajì. Ẹ ó rí i pé àlàfo àárín àwọn ìlà náà ń kéré sí i bí ọ̀pá ṣe ń lọ sókè. Píọ̀wọ́tà náà lè ṣe é, méjì sí lítà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló kún dé 50cl tí wọ́n kọ sí i lára.

Bí kò bá sí ike, tí kò sí ọ̀pá, tí ẹni méjì sì fẹ́ pín ohun kan, ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà: kí àbúrò pín in sí méjì, kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú. Àbúrò tó mọ̀ pé òun ló máa mú kẹ́yìn á fara balẹ̀ pín in.

Táńkì tó dùbúlẹ̀

Ẹni tó ní táńkì irin róbótó tó dùbúlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ńlá mọ́, ìdajì ò ní yọ ọ́ lẹ́nu: àárín ni. Ìdá mẹ́rin ló ń ṣini lọ́nà. Ká ní táńkì náà gba lítà 1,000, tí ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 100 bó ṣe dùbúlẹ̀. Bí ọ̀pá bá tutù dé 25, ẹ má kọ lítà 250 sílẹ̀. Kò tó 200, nítorí ìdí táńkì tẹ̀ kọrọdọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 ni 250 ti bẹ̀rẹ̀. Lókè náà bákan náà ló rí: ní 70, 250 péré ló ṣófo. Ẹ há 30, 50 àti 70 sára ọ̀pá igi kan, kí ẹ máa kì í bọ̀ ọ́ lóòró, nítorí ọ̀pá tó bá dagun á tutù ju bó ṣe yẹ lọ.